Aago Ọwọ́ Àtijọ́ Lékòó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ojúlówó

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ ra aago ọwọ́ àtijọ́, ì báà jẹ́ ní Balógun, ì báà jẹ́ lórí fóònù. Èyí tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, mo fara balẹ̀ lé e lórí. Èyí tí kò tó nǹkan, mo sáré kọjá. Ohun kan ni mo dì mú nínú gbogbo rẹ̀: ẹ ṣí ẹ̀yìn aago kí ẹ tó ṣí àpò yín. Ẹni tó bá kọ̀ kí wọ́n ṣí aago rẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ.

Aago tó ti pẹ́ tó báwo la lè pè ní àtijọ́?

Kò sí òfin kan tó fi ọdún dè é, àmọ́ àwọn tó ń kó o jọ sábà máa ń kà á láti nǹkan bí ọdún 25 sí 30 sẹ́yìn. Ohun tó ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí lọ ni pé kí ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi sínú rẹ̀ nígbà náà ṣì wà nínú rẹ̀ lónìí. Aago tòkunbọ̀ tí ẹnì kan lò fún ọdún mẹ́ta nílùú òyìnbó, tó bá ẹrù wọlé sí ọjà Katangúà, àlòkù ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta á fún yín ní iye aago àtijọ́.

Mi ò tíì ra ọ̀kan rí. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Seiko 5. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Japan, ó sì pọ̀ nílé àwọn bàbá wa títí di òní. Mímì ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń fún un lágbára, kò ní bátìrì, ọjọ́ àti déètì wà pa pọ̀ lójú fèrèsé kan. Àwọn tó ń tún aago ṣe mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, nítorí náà bó bá bàjẹ́ lọ́la, ẹ ò ní pẹ́ rí ẹni tó máa tún un ṣe. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rẹ́ yín jẹ díẹ̀ lórí rẹ̀, kò ní dà bí ìgbà tí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ lórí Omega.

Orient àti Citizen ìgbà kan náà dára pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra ọ̀kan tàbí méjì, tí ojú yín ti là, ẹ lè wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Switzerland: Tissot, Rado, Omega. Rolex ni kó kẹ́yìn.

Níbo ni kí n wá a lọ lÉkòó?

Ní Erékùṣù, Balógun, Ìdúmọ̀tà, ọ̀nà Martins àti ọ̀nà Nnamdi Azikiwe kún fún aago, àmọ́ tuntun ló pọ̀ jù níbẹ̀, ayédèrú sì pọ̀ láàárín tuntun ọ̀hún. Aago àtijọ́ kì í sábà jókòó sójú ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ àwọn tó ń tún aago ṣe ló máa ń wà, àwọn tó fi àpótí onígíláàsì ṣe ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n jókòó sábẹ́ agboòrùn, tí awò kékeré bo ojú wọn kan. Ẹ óò bá irú wọn pàdé káàkiri Ìdúmọ̀tà, ní Mainland náà ẹ wò yíká Tejúoṣó ní Yábàá, Oṣòdì àti Ìkẹjà. Aago tí oníbàárà gbé wá tí kò padà wá gbà, aago tí ọmọ olóògbé kó wá kó lè rí owó ná, ọ̀dọ̀ wọn ló ń já sí.

Ẹ má kàn já lu irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ẹ máa béèrè Omega. Ẹ gbé iṣẹ́ lọ fún un, kó pààrọ̀ bátìrì fún yín, kó gé ṣéènì aago kan. Nígbà tó bá ti mọ̀ yín ní oníbàárà, òun fúnra rẹ̀ ló máa fa dúróà ìsàlẹ̀ yọ.

Katangúà fún ẹni tó ní sùúrù nìkan ni.

Ẹni tó ń tà á sọ pé Kingsway ni bàbá òun ti rà á. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Kingsway, ilé ìtajà ńlá ayé àtijọ́, wà ní Marina nígbà kan lóòótọ́, UTC àti Leventis náà wà, àwọn òbí wa sì ná ọjà níbẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí ìtàn náà fi rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti pa. Ẹ bi í bó bá ní ìwé: rìsíìtì, páálí, káàdì gàràńtì, tàbí fọ́tò bàbá ọ̀hún pẹ̀lú aago náà lọ́wọ́. Bí ìwé bá wà, kí nọ́ńbà orí rẹ̀ bá ti ara aago mu. Bí kò bá sí, ẹ san owó aago, ẹ má san owó ìtàn.

Ìtàn tó lẹ́rìí máa ń gbówó lórí o. Rolex Daytona tí Paul Newman, òṣèré ará Amẹ́ríkà, máa ń wọ̀, $17.75 mílíọ̀nù ni wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York lọ́dún 2017. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n fín sẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, fọ́tò ọkùnrin náà pẹ̀lú aago ọ̀hún sì kún ìwé ìròyìn. Ẹ̀rí nìyẹn. “Bàbá mi sọ fún mi” kì í ṣe ẹ̀rí.

Báwo ni mo ṣe máa ní kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láì jẹ́ kó dà bíi pé mò ń fura sí i?

Ẹ fi owó sí i. “Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n. Aago yìí wù mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i kí n rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, màá sanwó iṣẹ́ yín.” Onítúnṣe tó mọ ohun tó ń tà kò ní bínú, inú rẹ̀ máa dùn pé ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń wò. Bí ẹni tó ń tà kì í bá ṣe onítúnṣe, ẹ ní kí ẹ jọ rìn lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tó bá ṣí i, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ tan iná fóònù sí i. Ẹ kọ́kọ́ wo etí ibi tí orí tí wọ́n fi ń yí aago ti wọlé. Ibẹ̀ ni òógùn àti omi òjò Èkó máa ń gbà wọlé, bó bá sì ti dógùn-ún, ẹ óò rí pupa rẹ̀ tó ti tàn dé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo róbà tín-ín-rín tó yí etí ẹ̀yìn aago ká: tó bá ti yọ́ dúdú bí ọ̀dà, aago náà ti pẹ́ tí kò ti rí ìtọ́jú. Ẹ wo orí àwọn síkúrù kéékèèké. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ti já, tó ya, ń sọ fún yín pé ẹni tí kò ní irinṣẹ́ tó tọ́ ti fi ọ̀bẹ tú u rí.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ tó wà lójú aago sábà máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì Omega ti àwọn ọdún 1960 máa ń pọ́n bíi bàbà, “Omega Watch Co” wà lára rẹ̀, nọ́ńbà irú rẹ̀ náà wà níbẹ̀, bíi 552 tàbí 565. Bí ẹ bá ṣí aago Switzerland àtijọ́ tí ẹ bá òrùka ike funfun tí wọ́n fi há ẹ́ńjìnnì kó má baà máa mì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì mìíràn ni wọ́n kì bọ inú rẹ̀. Bí ojú aago bá sì kọ “Automatic”, ìyẹn èyí tí kò lo bátìrì, tí ẹ wá bá bátìrì nínú rẹ̀, ẹ bá a pa á dé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni àwọn nọ́ńbà ẹ̀yìn Seiko ń sọ?

Ohun púpọ̀, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi Seiko bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní dáàṣì láàárín, mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni orúkọ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ̀yìn bá kọ 7009, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ 7009. Ibi tí wọ́n ti ń gbá ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí: ẹ̀yìn láti ara aago kan, ẹ́ńjìnnì láti ara òmíràn.

Nọ́ńbà kejì ni ti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Èyí tó ṣíwájú ni ìparí ọdún, èyí tó tẹ̀ lé e ni oṣù: 1 dé 9 fún oṣù January dé September, O fún October, N fún November, D fún December. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 82, oṣù February ọdún 1978 tàbí 1988 ni. Nọ́ńbà yẹn kò sọ ẹ̀wádún, ẹ́ńjìnnì ló máa bá yín yanjú ìyẹn. Ẹni tó bá gbé èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ 7S26 wá, tó ní ọdún 1975 ni wọ́n fi ta bàbá òun lọ́rẹ, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Ọdún 1996 ni ẹ́ńjìnnì yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún yá awò onítúnṣe, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú aago pátápátá, lábẹ́ nọ́ńbà 6. Ilé-iṣẹ́ náà máa ń tẹ àwọn lẹ́tà tín-tìn-tín síbẹ̀, orúkọ ẹ́ńjìnnì sì sábà máa ń wà nínú wọn. Lójú ojúlówó, wọ́n mú bí abẹ́rẹ́. Lójú èyí tí wọ́n tún kùn, ẹ óò bá a tó rú pọ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí rárá.

Ohun kan tó ń da àwọn èèyàn láàmú: 7009 àti 7S26 kò ṣeé fi ọwọ́ yí kó lè ní agbára. Ẹ mì ín jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó máa gbéra. Mo ti rí ẹni tó ta èyí tó dára ní iye òkú aago nítorí pé ó yí orí rẹ̀ títí, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ojú aago náà ń dán gbinrin bíi tuntun. Ṣé ohun rere kọ́ nìyẹn?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ohun rere. Aago tó ti tó ogójì ọdún nínú ooru Èkó yẹ kó ti darúgbó díẹ̀: funfun á ti di àwọ̀ wàrà, etí á ti ní àbàwọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ Seiko 5 àti aago HMT tí wọ́n ń kó wá láti India, ṣe ni wọ́n há ojú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n tún fi ọ̀dà tuntun kùn ún, ní àwọ̀ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe rí: ọsàn, àwọ̀ ewé tó ń tàn, pupa fòò. Wọ́n rẹwà lójú fóònù. Wọn ò níye lórí lọ́wọ́ ẹni tó mọ aago.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ nìyí. Ẹ wo ìlà kéékèèké tó yí etí rẹ̀ ká; kí ìlà wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe déédéé pẹ̀lú àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tún un kùn kì í sábà rí i ṣe déédéé. Ẹ wo “Swiss Made” tàbí “Swiss” lábẹ́ nọ́ńbà 6 lára aago Switzerland; bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Ẹ wo lẹ́tà orúkọ: ṣé ó nípọn níbì kan, tó tín-ín-rín níbòmíràn?

Tún wo ọ̀dà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ lókùnkùn. Láti àwọn ọdún 1960 títí dé ìparí àwọn ọdún 1990, tritium ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Switzerland fi ṣe é, wọ́n sì máa ń kọ T sí ẹ̀gbẹ́ “Swiss Made”. Láàárín ọdún 12 ó lé díẹ̀, ìdajì agbára tritium ti lọ. Nítorí náà, bí aago ọdún 1968 bá ń tàn yòò lábẹ́ ìbòrí títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnì kan ti kùn ún lẹ́yìn ìgbà náà.

Ojú tí wọ́n tún kùn lè gé owó aago Switzerland sí ìdajì. Bí ẹ bá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ rà á, àmọ́ ní iye ojú tí wọ́n tún kùn.

Wọ́n ní gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n kó o jọ láti ara aago mélòó kan. Ṣé ayédèrú nìyẹn?

Kì í ṣe ayédèrú pátápátá, kì í sì í ṣe ojúlówó. Ó pọ̀ lọ́jà wa, nítorí pé onítúnṣe tó ní òkú aago mẹ́ta máa fi wọ́n jí ọ̀kan. Bó bá sọ fún yín, tó sì ta á ní iye tó bá a mu, kò ṣẹ̀ yín. Bó bá fi pamọ́, jìbìtì ni.

Ẹ má rò pé ìwọ̀nba àwa tí à ń ra ọjà lábẹ́ agboòrùn ni wọ́n ń fi èyí gbá. Ní 2021, wọ́n ta Omega Speedmaster kan ní gbàǹjo ní Geneva ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 3 owó Switzerland. Ní 2023, Omega fúnra wọn jáde sọ pé ṣe ni wọ́n kó o jọ láti ara onírúurú aago, àti pé àwọn kan tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn rí lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà níbẹ̀ tó fi kọjá lójú wọn.

Rado bàbá mi ní ìdákọ̀ró kékeré lójú rẹ̀ tí kò mì mọ́. Ṣé ayédèrú ni?

Kò dandan. Lójú àwọn Rado àtijọ́ tí kò lo bátìrì, ìdákọ̀ró yẹn máa ń yí bí ẹ bá ń gbé aago síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí òróró bá ti gbẹ, tàbí eruku wọ̀ ọ́, ó máa dúró gbári. Àmì pé aago ti ń fẹ́ ìtọ́jú ni. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ya ìdákọ̀ró ọ̀hún sójú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà lásán lára irú èyí tó yẹ kó máa yí, ìyẹn gan-an ni kó kọ yín lóminú.

Ní ti Rado DiaStar, tó jáde lọ́dún 1962, tí àwọn alájì wa fẹ́ràn bí ẹní fẹ́ràn ọmọ, irin líle tí kì í tètè ní ìlà họ́họ́ ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ sapphire, irú èyí tó le gan-an. Ó lè ṣán bó bá já sórí sìmẹ́ńtì, àmọ́ bí gbogbo ara rẹ̀ bá kún fún ìlà họ́họ́ bí abọ́ tánganran, kì í ṣe DiaStar.

Ṣé gíláàsì lè sọ nǹkan kan fún mi?

Díẹ̀. Ọ̀pọ̀ Omega àtijọ́ tó ní gíláàsì ike, àmì Omega tín-tìn-tín kan wà ní àárín gbùngbùn gíláàsì náà. Ẹ yí aago sí iná, ẹ fi awò wá a. Bí kò bá sí, wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ìlà họ́họ́ lára gíláàsì ike ṣeé fi pólíìṣì pa rẹ́, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀ràn, ẹ kàn fi ná ọjà.

Wọ́n ní wúrà ni.

Ẹ wá 750 tàbí 18K, 585 tàbí 14K, lára irin aago, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ń tà. Bí ẹ bá rí “20 microns” tàbí “Plaqué”, ṣe ni wọ́n fi wúrà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bò ó. Bí ẹ̀yìn bá kọ “Stainless Steel Back”, ẹ̀yìn kì í ṣe wúrà, ọ̀pọ̀ ìgbà ara yòókù náà kì í ṣe wúrà. Ẹ wo etí ibi tí bẹ́líìtì ti wọlé: ibẹ̀ ni wúrà tí wọ́n fi bò ó ti máa ń kọ́kọ́ ṣí, tí irin abẹ́ rẹ̀ á yọjú. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tó jẹ́ wúrà gidi, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kó yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tó yẹ kí n san?

Ẹ mọ iye rẹ̀ kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ orúkọ aago àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ẹ wá ní kó fi àwọn tí wọ́n ti tà tán nìkan hàn yín. Iye tí wọ́n ń pè kì í ṣe iye tí wọ́n san. Kò sí ẹni tí kò lè pe mílíọ̀nù. Chrono24 ti àwọn ará Jámánì dára láti fi wo àwòrán àti nọ́ńbà, àmọ́ iye ìpè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ mú mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ipò wọn jọ ti èyí tó wà níwájú yín, ẹ yọ èyí tó wọ́n jù àti èyí tó pọ́ọ́kú jù, ẹ wo àárín.

Kí ẹ wá yọ owó àìsàn rẹ̀ kúrò. Aago tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ẹ kà á sí pé ó ń fẹ́ fífọ̀ àti òróró tuntun. Ká ní, fún àpẹẹrẹ lásán, pé àárín tí ẹ rí jẹ́ ₦150,000 ní iye dọ́là ọjọ́ náà. Onítúnṣe yín pe fífọ̀ rẹ̀ ní ₦25,000, gíláàsì tuntun ní ₦10,000. Ó ku ₦115,000. Ẹ lè fi díẹ̀ lé e nítorí pé ẹ fojú rí i, ẹ ò sì san owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Díẹ̀ ni mo wí.

Kí ẹ lè ní ibi tí ẹ máa dúró sí: Seiko 5 tó wọ́pọ̀, ẹ́ńjìnnì 7009, tó mọ́ tó sì ń ṣiṣẹ́, kì í sábà kọjá $150 lọ́jà àgbáyé. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó hàn lójú.

Báwo ni kí n ṣe ná an?

Ẹ ná an sí ara àléébù, kì í ṣe sí ojú ẹni tó ń tà.

“Ẹ̀gbọ́n, èló ni jálẹ̀?”

“Àbúrò, mú ₦200,000 wá. Aago gidi lèyí o, kì í ṣe ti China.”

“Mo gbà pé aago gidi ni. Ẹ wo ibí yìí, ẹ̀yìn kọ 7009, ẹ́ńjìnnì kọ 7S26. Ẹ tún wo orí rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀.”

Ẹ óò rí i pé ohùn rẹ̀ máa yí padà. Ẹ sọ iye yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú owó dání, ẹ sì múra láti lọ lóòótọ́, kì í ṣe lílọ ẹ̀tàn. Bó bá pè yín padà, ó dáa. Bí kò bá pè yín, Èkó ò tíì tán ní aago.

“Bátìrì ló kú” ni wọ́n sọ. Ṣé kí n rà á?

Bátìrì kò wọ́n. Kí ló dé tí kò fi sí i kó tó tà á? Ẹ ní kó fi bátìrì sí i lójú yín. Bí aago ọ̀hún bá sì jẹ́ èyí tí kò lo bátìrì rárá, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ń sáré jù. Ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ló fi ń ṣíwájú lóòjọ́.

Ó lè jẹ́ pé mágínẹ́ẹ̀tì ló mú un. Sípíkà, ìbòrí fóònù onímágínẹ́ẹ̀tì, àwọn wọ̀nyí lè mú kí sípíríìnì tín-ín-rín inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, kó máa sáré. Ẹ gbé e sún mọ́ kọ́ńpáàsì: bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì bá ń jó, mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Onítúnṣe tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ máa yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àǹfààní ńlá nìyí fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, torí pé ẹni tó ń tà rò pé aago ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30 tàbí 40 lóòjọ́ péré, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí ni.

Bí ẹ bá ń dán an wò lálẹ́, ẹ má yí déètì rẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́ta òru tí ọwọ́ rẹ̀ ń tọ́ka. Eyín tó ń yí déètì ti gbá ara wọn mú ní wákàtí yẹn, wọ́n lè kán.

Wọ́n fẹ́ ta Rolex fún mi ní ₦80,000.

Rárá.

Ó dáa, màá fi díẹ̀ kún un. Àwọn kan ní kí ẹ wo ọwọ́ tó ń sáré, pé bí kò bá ń ta kì-kì-kì, ojúlówó ni. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ayédèrú òde òní náà ń yọ̀ lọ gẹ̀ẹ́rẹ́. Lára èyí tó jẹ́ ti ìgbà àtijọ́, nọ́ńbà wà lára irin láàárín ẹsẹ̀ tí ṣéènì dì mọ́, lápá nọ́ńbà 12 àti lápá nọ́ńbà 6, ṣéènì gbọ́dọ̀ kúrò kí ẹ tó lè rí i. Ayédèrú náà ní nọ́ńbà lónìí. Nítorí náà, bí kì í bá ṣe pé ẹ mú ẹni tó mọ Rolex dáadáa dání, tí ìwé sì wà, ẹ jẹ́ kí ó máa kọjá.

Ṣé mo lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ti abẹ́lé, bíi lórí Jiji: ẹ má fi owó ránṣẹ́ kí ojú yín tó rí aago. Ẹ pàdé lọ́sàn-án, níbi tí èèyàn pọ̀ sí, nínú báńkì tàbí ní Ikeja City Mall ní Aláùsá, kí ẹ sì mú onítúnṣe yín lọ tàbí kí ẹ jọ lọ bá a. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn tí wọ́n ṣí, kó fi bébà tó kọ déètì òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó jí fọ́tò ọlọ́fọ́tò máa ń pòórá níbẹ̀.

Ti òkè òkun, bí ẹ bá ní ẹbí ní London tàbí Houston, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á síbẹ̀, kí wọ́n wò ó, kí ẹni tó ń bọ̀ wá fi sọ́wọ́ bọ̀. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ tààrà, ẹ ka owó kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ iye rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n jí i ńkọ́?

Òfin kò gbà kí ẹ ra ohun tí ẹ mọ̀ pé wọ́n jí. Bí iye rẹ̀ bá pọ́ọ́kú tó ń bani lẹ́rù, tí ẹni náà ń wò yíká bó ti ń sọ̀rọ̀, tó sì ń kánjú, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì fún èyí tí ẹ bá rà, ì báà jẹ́ bébà tí ẹ fọwọ́ kọ: orúkọ ẹni tó tà á, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀yìn aago, iye, déètì. Ẹ sanwó láti báńkì sí báńkì kí àkọsílẹ̀ lè wà.

Orúkọ bàbá mi àti ti ilé-iṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà lẹ́yìn aago rẹ̀. Ṣé kí n pa á rẹ́ kí n tó tà á?

Ẹ má pa á rẹ́. Bí wọ́n bá há a, irin ẹ̀yìn máa tín-ín-rín, àmì ilé-iṣẹ́ aago náà lè bá a lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì rí i pé wọ́n ti há nǹkan kan. Òótọ́ ni pé orúkọ ẹlòmíràn máa ń dín iye aago kù díẹ̀, àmọ́ ó tún ń jẹ́rìí sí ọdún rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ dán ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ aago tí etí rẹ̀ mú láti ilé-iṣẹ́ máa yọ́ roboto bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò, ìyẹn kò sì ní àtúnṣe. Tẹ́ ẹ bá bi mí, èmi ò ní tà á.

Ṣé ó léwu láti wọ̀ ọ́?

Èyí tó lè léwu ni aago tó ti wà ṣáájú àwọn ọdún 1960 tó ní radium lójú, ọ̀dà tó ń tan lókùnkùn, tó sábà máa ń ti di àwọ̀ ilẹ̀. Wíwọ̀ ọ́ kọ́ ni ìṣòro gan-an, ṣíṣí i ni. Bí onítúnṣe bá fẹ́ fi abẹ́ há a, tó sì fẹ́ fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ẹ dá a dúró. Eruku yẹn kò gbọ́dọ̀ wọ imú tàbí ẹnu ẹnikẹ́ni.

Òjò ńkọ́?

Ohunkóhun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ nípa omi, ẹ gbàgbé rẹ̀. Róbà inú rẹ̀ ti gbẹ. Lóṣù kẹfà àti keje, ẹ fi í sílé, tàbí kí ẹ fi í sínú àpò bí ojú ọ̀run bá ṣú. Bí ẹ bá rí ìkùukùu lábẹ́ gíláàsì, ẹ gbé e lọ fún onítúnṣe lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má fi í sínú ìrẹsì bíi fóònù.

Ṣéènì tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ṣé kí n tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀?

Rárá. Ẹ ná an sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wọn àlàfo àárín ẹsẹ̀ aago ní mílímítà. 18 àti 19 ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí mo dárúkọ. Bẹ́líìtì aláwọ tó bá a mu wà ní Balógun, ẹ ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ irin tuntun dè é, torí pé ti àtijọ́ máa ń já láìròtẹ́lẹ̀.